Ọkọ̀ Tó Ń Yà fún Tírélà

Ní gáréèjì Ìwárò-Ọ̀kà, kò sẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ Yínúsà. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà dára ju tàwọn yòókù lọ. Nissan àtijọ́ ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni pé tí Yínúsà bá dẹwọ́ díẹ̀ lórí sítíárì, ọkọ̀ náà á máa fà lọ sápá ọ̀tún, sí etí títì, fúnra rẹ̀. Látìgbà tó ti já sí kòtò ńlá kan lọ́nà Ìkùn nígbà òjò èṣí ló ti mú ìwà yẹn. Ká ní ẹlòmíì ni, á ní ọkọ̀ òun ti bàjẹ́. Yínúsà ní tòun ti gbọ́n ni.

"Ṣé ẹ mọ iye tírélà tó ń gba títì yìí kọjá lóòjọ́?" Ohun tó máa ń sọ fáwọn èrò nìyẹn. "Tèmi ò dúró kí n tó sọ fún un. Kó ṣáà ti rí tírélà lọ́ọ̀ọ́kán, á ti yà fún un. Ọmọlúàbí ọkọ̀ ni!"

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọkọ̀ náà ní Ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ nǹkan! Ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn, wọ́n wá orúkọ iyì fún un.

Limota, ìyàwó Yínúsà, nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Gààrí àti ẹ̀wà ni Limota ń tà, ó sì máa ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ó ti rí i pé kódà níbi tí títì bá tọ́ gbọnrangandan, ṣe ni ọkọ rẹ̀ máa ń yí sítíárì sápá òsì, tí á fagbára dì í mú síbẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò fẹ́ wálé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Yínúsà á bọ́ ẹ̀wù, á ní èjìká ń ro òun. Òun Limota ni yóò bu òrí, tí yóò máa fi ra á fún un. Ó ti ń ra èjìká yẹn fún oṣù bíi mélòó kan kó tó wí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Latifah, èjìká yìí kọ́ ló ń ṣàìsàn o. Ọkọ̀ ni."

Ó fòótọ́ rọ̀ ọ́, ó fẹ̀rín rọ̀ ọ́, títí ọkùnrin náà fi gbà láti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Olúrónkẹ́ ní Ìkàrẹ́, lọ́jọ́ Ajé kan. Obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò kó lè tọ́ ni Olúrónkẹ́. Àǹtí Àláínmẹ́ǹtì làwọn awakọ̀ ń pè é. Kò tíì tan ẹ̀rọ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà iwájú, tó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó sì fà á padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fọwọ́ kan ibí."

Yínúsà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Níta, níbi tí gbogbo ayé ń rí, ilà ara táyà náà ṣì jinlẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, ó ti dán bọ̀rọ́, wáyà ti fẹ́ yọjú.

"Ta ló yí táyà yìí?"

"Fọganáísà ni," Yínúsà dáhùn. Kò tiẹ̀ tì í lójú. "Níta ló ti jẹ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó tú u, kó yí ibi tó jẹ sínú, káwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó má baà dá mi dúró."

"Ẹ fi pa mọ́ fún ẹ̀ṣọ́. Ṣé ẹ fi pa mọ́ fún títì náà?"

Yínúsà rẹ́rìn-ín. Limota ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Kí ló ń jẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí?"

Olúrónkẹ́ nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí méjèèjì ò kọjú síbì kan náà mọ́. Kòtò tẹ́ ẹ já sí ló yí i. Ẹ rò ó wò, ká ní ẹ̀ ń rìn, kí ẹsẹ̀ kan kọjú síwájú, kí ìkejì dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó máa lọ lóòótọ́, àmọ́ ṣe lẹ ó máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí táyà yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Ibi tó ń fi wọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Ìdí tí sítíárì yín fi wọ́ nìyẹn, ìdí tí ọkọ̀ fi ń fà lọ sọ́tùn-ún náà nìyẹn."

"Gbogbo ìyẹn, mo ti gbọ́," Yínúsà wí. "Àmọ́ bíréèkì lọ̀rọ̀ wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ tèmi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, gbagidi ni yóò dúró. Kí ló kan bíréèkì nínú àláínmẹ́ǹtì?"

"Ó kàn án gan-an. Iṣẹ́ bíréèkì ni kó di táyà mú, kó má yí mọ́. Táyà ló wá máa di ilẹ̀ mú, kí ọkọ̀ tó dúró. Tí táyà ò bá rí ilẹ̀ dì mú, bíréèkì tuntun ò lè ṣe nǹkan kan. Èyí tó yẹ kó fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ibi tó sì ti dán wà lára ẹ̀. Lójú títì tó gbẹ, tẹ́ ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá tutù, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lójijì, táyà kan á di ilẹ̀ mú, èkejì á yọ̀. Ọkọ̀ ò ní dúró níbi tẹ́ ẹ fọkàn sí. Á fì. Ibi tó ti ń fà lọ látọjọ́ yìí náà ló máa gbà. Ọwọ́ yín ò ní lè dá a padà."

Limota gbé ọwọ́ lé àyà. "Kí ni ká ṣe?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di ìrọ̀lẹ́. Màá kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ẹ̀ wò, torí táwọn irin tó so táyà mọ́ sítíárì bá ti rọ̀, tí mo bá tò ó lónìí, á tún yẹ̀ lọ́la. A ó yẹ bíréèkì ọ̀tún àti tòsì wò bóyá wọ́n ń mú dọ́gba, torí ìyẹn náà máa ń fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ó pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì. Lẹ́yìn náà la óò wá gbé e sórí ẹ̀rọ."

"Di ìrọ̀lẹ́!" Yínúsà ti di sítíárì mú. "Lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́! Àǹtí, tó bá di ọjọ́ Àìkú, màá gbé e wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbérò sínú ẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú o."

Yínúsà ti ṣáná sí ọkọ̀.

Lọ́nà ilé, Limota ò panu mọ́. "Bàbá Latifah, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Títí wọ́n á fi tún ọkọ̀ yìí ṣe, má gbé ọmọ mi sínú ẹ̀."

"Ọmọ tìẹ nìkan ni?"

"Ọmọ wa. Má gbé e."

"Mo ti gbọ́." Ó tún ní, "Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí o ṣe lọ́dọ̀ obìnrin yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ò ń bá a da ìbéèrè bò mí bí ẹni pé èmi ò mọ iṣẹ́ mi. Èmi lọkọ ẹ. Ohun tó bá wù ẹ́, sọ ọ́ fún mi nílé. Tí èrò bá wà nítòsí, má dójú tì mí."

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni Latifah. Ọlọ́run ò tún fún wọn ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò sì kùn. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ ni, iṣẹ́ aṣọ rírán ló kọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fún un ní fúrídọ̀mù. Ní Ọjọ́bọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ múra láti lọ sí Ìkàrẹ́, kí wọ́n lọ ra òwú, bọ́tìnì àti sísọ́ọ̀sì tuntun. Òjò ti rọ̀ lóru. Títì ṣì tutù, kùrukùrù bo orí òkè.

Limota ti fi í sọ́kàn pé ọkọ̀ ẹlòmíì làwọn máa wọ̀. Àmọ́ ẹ mọ bí gáréèjì ṣe rí. Ní títò ni wọ́n ń gbérò, ẹni tó bá kàn ni yóò gbé, àwọn yòókù á máa wò ó títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi kún. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ọmọlúàbí ló wà níwájú, Yínúsà ló ń pe, "Ìkàrẹ́, Àkùngbá, ó ku ẹni méjì!"

Limota dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Munir ló ni ìyẹn. Munir yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Latifah! Ọkọ̀ ọkọ yín ń gbérò níwájú, ẹ wá dúró sídìí tèmi? Ṣé ẹ̀ ń jà ni?"

"A ò jà o. Mo ń sinmi ni."

"Yínúsà o! Ìyàwó rẹ ti gba ọkọ̀ mi o!"

Gáréèjì gba ẹ̀rín. Yínúsà yíjú padà. Ó wo Limota, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó sì tún ń bá a wí. Ní gáréèjì Ìwárò, ìyàwó awakọ̀ kì í fi ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ wọ ti ẹlòmíì. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó di ọ̀sán, wọ́n á ti máa sọ pé ilé wọn ti dàrú. Limota mọ èyí dáadáa. Ó dì mọ́ báàgì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká lọ jàre," ni Latifah wí. Ó ti wọ iwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Bíọ́dún ti wà láàárín, òun àti Latifah ni wọ́n jọ pín ìjókòó iwájú kan ṣoṣo náà. Latifah ló wà létí ilẹ̀kùn.

Limota wọlé sẹ́yìn, ó jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á bá a sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá délé.

Wọ́n kọjá Ayégúnlẹ̀. Yínúsà ń sáré, nítorí òjò òru ti jẹ́ kó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ náà, ó fẹ́ fi eré dí i. Limota ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì. Títì tọ́, ọwọ́ wọ́ sápá òsì. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. "Bàbá Latifah, rọra..." Ó rí ojú ọkọ rẹ̀ nínú dígí, ó gbé ìyókù mì. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ jókòó lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ iye tí iṣu dà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wọ Àkùngbá. Tírélà kan ń gòkè bọ̀ ní ọ̀nà kejì. Níwájú wọn, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró lójijì láti já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀.

Yínúsà tẹ bíréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, bíréèkì náà sì mú. Ó mú gan-an. Táyà òsì yọ̀ lórí omi, ọ̀tún dilẹ̀ mú, imú ọkọ̀ sì já lọ sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Yínúsà fi gbogbo ara yí sítíárì padà. Ọkọ̀ ò gbọ́. Afárá kékeré kan wà létí títì níbẹ̀, tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ lọ forí sọ, ní ẹ̀gbẹ́ tí Latifah wà.

Tírélà kọjá. Kẹ̀kẹ́ náà wà níbi tó dúró sí, nǹkan kan ò ṣe é.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sáré wá fa ilẹ̀kùn ya. Egungun èjìká Bíọ́dún ti dá. Orí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹ̀yìn ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Limota gba ojú fèrèsé jáde, kò mọ bó ṣe ṣe é, ó lọ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Mọ̀mí," ni Latifah wí, "èmi ò rí ẹsẹ̀ mi."

"Ó wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ó wà níbẹ̀."

Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́ tó fi dákẹ́. Limota ń bá a sọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀síbẹ̀, ó ń sọ fún un nípa òwú tí wọ́n fẹ́ rà, títí nọ́ọ̀sì kan fi rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n kírun sí i lára ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì sin ín sí Ọ̀kà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni Yínúsà sùn. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé kó lọ máa ti ilé jẹ́jọ́. Nígbà tó délé, àwọn àgbà àdúgbò, àwọn ará mọ́sáláṣí àti àwọn awakọ̀ ti kún yàrá. Gbogbo wọn ń sọ ohun tí a máa ń sọ.

"Àkọsílẹ̀ ni."

"Àmúwá Ọlọ́run ni, Yínúsà. Gbà fún Ọlọ́run."

"Bíréèkì ló já," ni Yínúsà ń sọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo tẹ̀ ẹ́, kò mú. Bíréèkì ló já."

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ọláòtán. Òun ni ìjọba rán láti yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó wá kí wọn ni, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Bíréèkì yín ò já. Mo tú u wò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Táyà ni kò rí ilẹ̀ dì mú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti yẹ̀, ó ti pẹ́. Ká ní ó tọ́ ni, tí táyà sì péye, mo gbà pé ẹ ì bá dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wúkọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Rárá o." Limota ló sọ̀rọ̀. Látàná, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó dìde dúró láàárín àwọn àlejò, gèlè rẹ̀ ti tú. "Ẹ má fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún wa. Ní Ìkàrẹ́, lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní ká má gbérò sínú ẹ̀. Wọ́n ní ká fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, a ní ọjà ti kún. Gbogbo yín ni ẹ̀ ń fi ọkọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín ní gáréèjì. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ! Èmi náà mọ̀, mo sì gbé ọmọ mi wọ inú ẹ̀, torí kí wọ́n má baà ní ìyàwó Yínúsà ti gba ọkọ̀ Munir."

Munir bo ojú. Yínúsà ò wo ẹnì kankan. Ó gbé orí lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ṣòro láti gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó gbà fún Ọlọ́run mọ́.

Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù. Ìwé ìwakọ̀ Yínúsà ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò sì béèrè fún un. Bíọ́dún kò lè kọ ìdánwò rẹ̀ ọdún yẹn, apá tó fi ń kọ̀wé ni wọ́n dè. Limota àti Yínúsà ṣì jọ ń gbé. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kírun, wọ́n ń kí aládùúgbò. Ẹni tó bá wọ ilé wọn á mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù láti jọ jókòó sí yàrá kan.

Nígbà tó yá, Limota lọ sí gáréèjì. Ó dúró níbi tí wọ́n ti ń gbérò, ó sì sọ gbogbo ohun tí Olúrónkẹ́ sọ fún wọn, kò fo ìkankan. Munir ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù dárò, wọ́n mi orí, wọ́n sì pe èrò. Ohun tó ń dunni nìyẹn, kò sì yẹ kí n fi pa mọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ gbọ́. Tí ẹ bá dẹwọ́ lórí títì tó tọ́, tí ọkọ̀ sì ń fà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Tí sítíárì bá wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, tàbí tí táyà ń jẹ lápá kan, tàbí tí ọkọ̀ ń fì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti bíréèkì pa pọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá já sí kòtò tó le, tàbí tí ẹ bá pààrọ̀ irin abẹ́ ọkọ̀, kódà tí ẹ ò bá rí àmì kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí fọganáísà kankan bá yín yí ibi tí táyà ti jẹ pa mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin èrò, ẹ̀yin ìyàwó awakọ̀, ẹ̀yin ọmọ, tiyín náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ọwọ́ awakọ̀ wọ́ lórí títì tó tọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Tí kò bá gbọ́, ẹ ní kó já yín sílẹ̀. Inú á bí i, àwọn èrò yòókù á ní ẹ rorò, wọ́n sì lè fi yín ṣe ẹlẹ́yà dé ilé. Limota ní ká ní òun pariwo láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tó burú jù lọ tí wọ́n ì bá pe òun ni obìnrin tí kò bọ̀wọ̀ fún ọkọ. Ó ní òun ì bá jẹ́ orúkọ náà títí òun ó fi kú.